Ọmọ Tí Wọ́n Ní Mo Lọ Wẹ̀ ní Ganmo

Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ikọ́ líle, irú èyí tí gbogbo ilé máa ń gbọ́ tí wọ́n á ní kí a lọ wá oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ikọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń tún ohùn ṣe kó tó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ìjọ. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, eruku ṣọ́ọ̀kì sì ti wọ̀ mí nímú tó. Mo ní bóyá òun náà ló ń wá ọ̀nà àtijáde. Àwa àgbà a máa ní àlàyé fún gbogbo ohun tó bá ń ṣe wá, àfi èyí tó ń ṣe wá gan-an.

Nígbà tó yá, ikọ́ náà jókòó. Ibà á máa dé nírọ̀lẹ́, bí àlejò tó mọ àkókò oúnjẹ. Màá sùn, màá jí bá aṣọ lára mi, á ti tutù rinrin fún òógùn. Aṣọ tí mo rán fún ọdún Àjíǹde di ohun tí mo ń fi ọwọ́ kan dì mú kó má baà já bọ́ lójú àwọn ènìyàn.

Ọkọ mi ti dolóògbé tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń jẹ́ ọkọ fún mi nínú ilé wa ní Òmù-Àrán. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ ìyàwó ló ń pè mí, èmi náà a sì máa pè é ní ọkọ mi. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì níwájú ilé, kò sì sí ẹni tí yóò kọjá tí kò ní dúró níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun ni mo ń gbé bùbá mi fún pé kó bá mi fún un pọ̀. Ó fún un pọ̀, ó tún fún un pọ̀. Níjọ́ kan ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, téèpù sì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wò mí.

“Ìyàwó,” ó ní, “aṣọ yìí kò lẹ́bi mọ́ o. Ẹ̀yin lẹ ń sá kúrò nínú rẹ̀.”

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin.

Dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ì bá jẹ́ ọmọ ọmọ mi, ló sọ orúkọ àìsàn náà fún wa: ikọ́ ife. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ṣú. Òun mọ̀ pé ó ní oògùn. Àwa tí a ti dàgbà, ohun tí a mọ̀ yàtọ̀. Nígbà èwe mi, ilé tí wọ́n bá ti dárúkọ ikọ́ ife, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí abà, wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un lókèèrè, wọ́n á sì yí padà kó tó jáde wá gbé e. Ọkọ mi fi fìlà bo ojú. Èmi ni mo ń tù ú nínú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

Wọ́n dá mi dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa lo oògùn láti ilé. Oògùn náà kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ó ń gba oṣù púpọ̀. A pinnu pé kí n lọ máa gbé ní Ganmo, lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi iná mọ̀nàmọ́ná, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà sí dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ló tọ́jú mi. Onídìrí ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, n kò lè gbé igbá omi dé èjìká. Òun ló ń wẹ̀ mí. Yóò gbé mi jókòó sórí àpótí, yóò po omi gbígbóná mọ́ tútù, yóò fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò. Ìtìjú á mú mi. Màá ní, “Jọ̀ọ́, yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.”

Á ní, “Mọ́mì, tí mo bá yí ojú, ọṣẹ á wọ̀ yín lójú, ẹ ó sì ké mọ́ mi.”

Wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́, ọmọ kò tíì dé. N kò bi í rí. Ṣùgbọ́n àìbéèrè pàápàá, tó bá ti pẹ́ jù, a máa di ìbéèrè. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi bí mo tilẹ̀ pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí dókítà ní kò sí ewu lára mi fún ẹnikẹ́ni mọ́, tí mo ti ń rìn yí ilé po láìdúró mí èémí, ọkọ mi wá gbé mi padà sílé.  Lójú ọ̀nà, ó tan rédíò, ó pa á, ó tún tàn án.

“Ìyàwó,” ó ní nígbà tí a sún mọ́ ilé, “tí wọ́n bá kí yín, ẹ kàn ṣáà máa ṣe àmín.”

“Kí wọ́n kí mi kú kí ni?”

“Kú gbogbo rẹ̀.”

A dé iwájú ilé. Àwọn obìnrin ilé wa tú jáde. Orin ni wọ́n fi pàdé mi.

“Màmá Tíṣà, ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ẹ kú ìwẹ̀ ọmọ! Ọmọ ńkọ́?”

“Ọmọ wo?” ni mo ní, ṣùgbọ́n orin kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú gbogbo obìnrin ilé, dì mí lápá méjèèjì, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mùsùlùmí ni, bí ìdajì ilé wa, àdúrà kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. “Àlùbáríkà ni o! Ẹ wò ó bó ṣe rù! Ọmọkùnrin ló máa ń gba ara ìyá bàbá rẹ̀ báyìí. Kò jẹ́ kó sùn. Ọkùnrin gidi ni!”

Mo wẹ̀yìn wo ọkọ mi. Ó ti ń ru ẹrù mi wọlé wéréwéré, òun tí kì í gbé ẹrù.

Nínú yàrá ló ti wá tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun ti Ìlọrin dé, Ìyá Àgbà ni òun kọ́kọ́ pàdé lójú títì. Ìyá Àgbà ní, “Ìyàwó wa dà?” Òun kò lè dárúkọ ikọ́ ife, ẹnu òun sì sọ pé mo lọ wẹ ọmọ ní Ganmo.

“Ọkọ mi,” mo ní, “ọmọ ta ni?”

“Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni èmi náà bi ara mi.”

Ó ní òun rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ṣé òun á ní kò tíì hàn ni? Ó ní ọkùnrin. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní ìkómọ. Ó ní oṣù ọmọ náà kò pé, inú gíláàsì ló wà, dókítà kò fẹ́ àlejò. Wọ́n wá ní kó bá àwọn mú orúkọ lọ. Orúkọ tí wọ́n fún ọmọ náà tó ti ọba. Wọ́n fi ọṣẹ àti páúdà ránṣẹ́, wọ́n fi aṣọ ìpọnmọ ránṣẹ́. Ìyá Àgbà mú adìyẹ kan wá. Ọkọ mi so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó ń yẹ ojú fún un. Adìyẹ náà yé, ó sàba, ó pa. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló bímọ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín náà sì di ikọ́, ọkọ mi sáré gbé omi wá, ó ń wolẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ìfẹ́ ló fi parọ́. Ohun tó burú nínú irú irọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. A kì í rí ẹni tí a ó nà.

Mo pe ìyàwó ọmọ mi lórí fóònù. “Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbí?”

“Mo mọ̀, Mọ́mì. Ọkọ yín pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, ó ń sunkún.”

“O kò sì sọ nǹkan kan?”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́.”

Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wẹ̀ mí ló bẹ̀ mí.

Dókítà ti sọ fún mi pé kí n máa rìn, bí ara bá sì gbà, kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró mi lè máa nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀, mo wọ bàtà kẹ́ńfáàsì, mo ró ìró lé ṣòkòtò. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Wọn kò jẹ́ kí n sá a ní àlàáfíà.

“Màmá Tíṣà! Kí ló ń lé yín?”

“Ọjọ́ orí ni.”

“Ó ti bá yín tipẹ́! Ẹ dúró kí ẹ gbà fún un!”

Nọ́ọ̀sì tó ń fún mi ní ìyókù oògùn mi ní ilé ìlera wa rí mi lójú títì, ó sì pè mí wọlé. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí pawọ́ pọ̀, wọ́n fẹ́ sá eré láti Òkè-Onígbìn gba Òmù-Àrán kọjá dé Ẹ̀sìẹ́. Maratọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ maratọ́ọ̀nù gidi lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Àwọn tí wọ́n ń sá a fún ni àwọn tó ń lo oògùn ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, ṣùgbọ́n ó lágbára, ikùn òfìfo kò lè gbà á. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti Agbamu àti abà gbogbo wá ń gbé oògùn lọ sílé tí kò sí oúnjẹ. Ẹlòmíràn á lò ó fún oṣù kan, èébì á pọ̀, á jù ú nù. Nítorí náà, wọn kò ní gba owó. Ilé olúkúlùkù tó bá sáré yóò kó oúnjẹ wá: iṣu, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹyin.

“Ó dáa púpọ̀,” mo ní. “Màá sá a. Ilé wa á kó iṣu wá.”

Nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ ẹ̀wù pólò funfun kan. Wọ́n kọ ọ́ sí àyà rẹ̀ gàdàgbà: MO NÍ IKỌ́ IFE RÍ. MO TI SÀN.

“Màmá, gbogbo ẹni tí mo ti bẹ̀ ló ní òun ń lọ sóko lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Àwọn ènìyàn ń wúkọ́ nínú yàrá títí ó fi ń bọ́ sórí. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ní i ti kú nìyẹn. Wọn ò rí ẹni tó sàn rí, nítorí ẹni tó bá sàn kì í sọ.”

Mo gbé ẹ̀wù náà lé orí orókún. Bí mo bá wọ̀ ọ́, tí mo sì gba iwájú ilé wa kọjá, gbogbo wọn á mọ ibi tí mo wà ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá mọ ibi tí mo wà, wọ́n á mọ̀ pé kò sí ọmọ kankan ní Ganmo. Ẹ̀wù kan ṣoṣo, ènìyàn méjì ni yóò tú síhòòhò, ẹnì kejì kò sì sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ Ganmo.

Ìdí irun ni mo bá a. Oníbàárà kan jókòó sáàárín orókún rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ti sùn lọ. Ìyàwó ọmọ mi gbé ara sókè díẹ̀ láti kí mi, kò jẹ́ kí irun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo sọ ti ẹ̀wù, mo sọ ohun tó wà lára rẹ̀.

“Tí wọ́n bá kà á, wọ́n á mọ ibi tí mo lọ,” mo ní. “Tí wọ́n bá sì mọ ibi tí mo lọ…”

“Wọ́n á mọ̀ pé n kò sí níbi tí wọ́n fi mí sí,” ó ní.

Oníbàárà ń hanrun. Ìyàwó ọmọ mi ń pín irun, ó ń dì í, kò wò mí.

“Mọ́mì, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń wò mí tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ ní Òmù-Àrán? Ikùn mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Ojú mi ni wọ́n ń wò kẹ́yìn. Láti ìgbà tí ọkọ yín ti sọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ń pè mí. Ìyá Àgbà bi mí bóyá mo ń jẹun. Ó ní kí n máa sùn nígbà tí ọmọ bá ń sùn, kí n má kánjú padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yín, Mọ́mì, kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá mo sùn.” Ó fa irun náà le, oníbàárà mira, ó tún padà sùn. “Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ó dùn.”

Mo ṣa irun tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.  

“N kò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ,” mo ní nígbẹ̀yìn. “Mo wá béèrè ni. Tí o bá ní rárá, màá sá eré mi nínú ẹ̀wù mìíràn.”

Ó di irun náà dópin, ó so ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí kì í dé ojú. “Ọmọ tí kì í sunkún, síbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó.”

Mo padà sílé. Mo ń retí ìpè rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ, kò pè. N kò pè é, nítorí bí àgbà bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe ìbéèrè mọ́, àṣẹ ni. Ilẹ̀ ọjọ́ eré mọ́, kò tíì pè.

Mo wọ ẹ̀wù pólò náà, mo sì fi bùbá àǹkárá bò ó mọ́lẹ̀. Eré ni màá sá, oúnjẹ á dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ní Òkè-Onígbìn níbi tí a ti péjọ, nọ́ọ̀sì wo bùbá náà.

“Òtútù ń mú yín, Màmá?”

“Díẹ̀.”

Ó mi orí. Inú rẹ̀ bàjẹ́, mo rí i. Ó fa etí bùbá náà tọ́ fún mi.

Wọ́n fun fèrè, àwọn ọ̀dọ́ sì fò lọ bí ọ̀wọ́ ẹ̀gà. Láìpẹ́ n kò rí ẹnikẹ́ni níwájú mi mọ́, àfi títì àti ebè iṣu lọ́tùn-ún lósì. Èmi àti ìyá mi ti rin ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ẹrù lórí kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Mo ń sáré díẹ̀, mo ń rìn díẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí mi bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, mo sì ń rántí ìgbà tí mo ń fi ipá tì í wọlé, bí ẹni pé ó jẹ́ ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọ agbo.

Ohun tó ń dá mi dúró jù ni ìkíni. Ní ilẹ̀ wa, a kì í kọjá lára ènìyàn láìkí i, kò sì sí òfin tó yọ ẹni tó ń sáré sílẹ̀. Bàbá kan tó ń ti oko bọ̀ dúró sí àárín ọ̀nà gedegbe.

“Ẹ kú ìrìn! Ilé ńkọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa, sà.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́? Ti Ganmo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ti dé oko olóko. “Àdúrà yín gbà, sà,” mo ní, mo ń sáré lójú kan bí ẹni tí èèrùn ń jẹ lẹ́sẹ̀.

Oòrùn mú kí n tó wọ Òmù-Àrán. Bùbá àǹkárá lórí ẹ̀wù, mo ń jóná bí iṣu inú eérú. Láti òkè, kí n tó sọ̀ dé iwájú ilé wa, mo ti rí àwọn obìnrin ilé lórí ìjókòó lẹ́bàá títì, iṣu tí wọ́n kó jọ fún mi wà níwájú wọn gègèrè. Mo sì rí ẹnì kan tó dúró láàárín wọn, tó wọ aṣọ àwọ̀ sánmà, tí kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́, tí kò pọn nǹkan kan.

Ìyàwó ọmọ mi ni.  N kò mọ ohun tó wá ṣe, n kò sì mọ bí màá ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

“Ìyàwó, ọmọ dà? Ṣé ó wà nínú mọ́tò? Ooru á mú un o! Lọ gbé e wá ká rí i!”

“Kò sí nínú mọ́tò, mà.”

“Ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀?”

“Kò sí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò sí níbì kankan, ẹ̀yin ìyá mi.”

Ẹnì kan gbé ọwọ́ lé orí. Òmíràn figbe ta: “Yéè! Ọmọ ti kú! Àwa ò gbọ́!” Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì dá wọn padà.

“Kò kú! Ẹ gbọ́ mi ná! Kò kú, wọn kò bí i ni! N kò bímọ. N kò lóyún.” Ó tún sọ ọ́. “N kò bímọ. Màmá tó ń sáré bọ̀ yẹn ni mo wẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àìsàn ló ṣe wọ́n, ẹ̀rù ló sì bà wá láti sọ.”

Mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Mọ́mì,” ó ní, “kí lẹ fi bùbá yẹn ṣe nínú ooru yìí?”

Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ lọ́rùn mi, bó ṣe ń bọ́ aṣọ mi létí àpótí. Ẹni tó mọ̀wé nínú wọn ka ohun tó wà láyà mi sókè.  Obìnrin kan fa ìborùn bo imú, ó sún sẹ́yìn. N kò bínú sí i, èmi náà ì bá ti sún ní ìgbà èwe mi. Òmíràn ní, “Gbogbo àdúrà tí mo ti gbà fún ọmọ yẹn ńkọ́? Níbo ló ń lọ?” Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rántí.

“Télọ̀! Télọ̀ dà?”

A gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ mi tẹrí ba mọ́ ọn, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á kíkankíkan. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ìyá Àgbà ló dìde nígbẹ̀yìn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ la àárín wọn kọjá, ó dúró níwájú ìyàwó ọmọ mi. Ojú rẹ̀ ló ń wò.

“Ìwọ lo wẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Tó ń wú ikọ́ ife?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹ̀rù kò bà ọ́?”

“Ó bà mí, mà.”

Ìyá Àgbà mi orí fún ìgbà pípẹ́. Ó yíjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. “Ẹ sún,” ó ní, “kí ìyàwó rí ibi jókòó.” Wọ́n sún, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó wà lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà wá rí i pé mo ṣì dúró. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé ibí ni wọ́n ní kí o sá mọ ni? Máa lọ!”

Mo gba píọ́ wọ́tà kan, mo sì máa lọ.

N kò rántí púpọ̀ nínú ìyókù ọ̀nà náà. Mo rántí pé mo sunkún díẹ̀, mo sì rí i pé ènìyàn kò lè máa sunkún kó tún máa gun òkè, àfi kó mú ọ̀kan. Nígbà tí mo dé Ẹ̀sìẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ti jẹun, wọ́n ti ń sùn lábẹ́ igi. Iṣu ilé wa ti dé ṣáájú mi nínú mọ́tò ọkọ mi. Ó dín díẹ̀ sí èyí tí mo rí lẹ́bàá títì. Ẹnì kan ti kó tirẹ̀ padà. Ọkọ mi ń já a sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó má baà wò mí. Mo ní kó fún mi lóhun tí n ó fi jókòó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi.

Bí mo ti jókòó, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí sún mọ́ mi. Àgbẹ̀ ni, bí mo ti rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ka àyà mi, ó tún un kà.

“Ìyá, níbo ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń wúkọ́,” ó ní, ó sì wúkọ́.

Mo pe nọ́ọ̀sì kó wá sọ fún un fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

N kò ní sọ pé àwọn obìnrin ilé wa yí padà. Àwọn kan wà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà kiri títí ó fi dé Ìlọrin, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n fi ata sí i. Ọmọ mi ọkùnrin sọ fún mi pé ìyàwó òun sunkún fún ọjọ́ mélòó kan, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sì tíì bímọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ó ń wá sílé báyìí, òun tí kì í wá tẹ́lẹ̀ bí kò bá sí òkú tàbí ìgbéyàwó. Á gbé àpótí irun rẹ̀ wá, á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwọn obìnrin ilé á tò jọ. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kì í dunni.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, obìnrin kan tó jókòó sáàárín orókún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà àtijọ́ yẹn: pé ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, a ó máa gbọ́ igbe ọmọ tuntun nínú ilé yìí, pé ojú kò ní í tì ọ́, ìyàwó wa, pé ẹni tó fún àwọn ará àtijọ́ á fún ọ. Mo ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Mo gbé ojú sókè wò ó.

Ó ti fi ìlarun sẹ́nu. Ó yọ ọ́, ó fi ọwọ́ tẹ orí obìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Àmín, mà,” ó ní. “Ẹ má mi orí.”